Àmì Tí Ó Ṣáájú Ọmọ Délé

Ní àárọ̀ Sátidé kọ̀ọ̀kan, láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, ọkùnrin kan a máa gbé tábìlì kékeré kan jáde láti inú yàrá ìkẹ́rùsí tó wà létí pápá kíríkẹ́ẹ̀tì, a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, a sì jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ bodè. Ìwé ńlá méjì ló máa ń wà lórí tábìlì náà: ọ̀kan fún àwọn ọmọ tó dé, èkejì fún àwọn tó lọ sílé. Bàbá Ìwé ni àwọn ọmọ ń pè é. Àwọn òbí wọn náà ń pè é bẹ́ẹ̀, ó sì ti pẹ́ débi pé bí ẹnìkan bá fi orúkọ àbísọ rẹ̀ pè é ní pápá yẹn, yóò kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn kó tó dáhùn.

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti dàgbà jù ú lọ. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, inú yàrá tí kò ní fèrèsé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù awò ojú kan ló ń jókòó sí, tí yóò máa fi ẹ̀rọ lọ dígí, tí omi tútù yóò máa ta sí i lọ́wọ́, tí eruku funfun yóò máa bà lé e ní ìpéǹpéjú. Bó bá délé, ojú a máa ta á, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún a sì máa dún bó ti ń gun àtẹ̀gùn lọ sí àjà kẹta, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti dúró dè é mọ́ láti ọdún mẹ́fà tí ìyàwó rẹ̀ ti sùn nínú Olúwa. Lọ́dọọdún ló ń sọ nínú ìpàdé ẹgbẹ́ pé kí wọ́n wá ẹni tí yóò gba ìwé lọ́wọ́ òun. Lọ́dọọdún ni gbogbo ènìyàn ń wo bàtà ẹsẹ̀ ara wọn.

Kò sì lè jù ú sílẹ̀. Ó gbà pé iṣẹ́ ìríjú ni, pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ní áńgẹ́lì tí ń wo ojú Baba lójoojúmọ́, tí yóò sì ròyìn bí àwọn àgbà ti ṣe sí wọn. Òun àti Kóòṣì, olùkọ́ eré àwọn ọmọ náà, ló jọ kọ òfin ẹgbẹ́ náà nínú ilé ìdáná rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ tí bọ́ọ̀lù líle gbá ọmọ kan lókè ojú tí wọ́n fi rán an ní abẹ́rẹ́ méje. Láti ọjọ́ náà, ọmọ tí kò bá dé àṣíborí kò gbọdọ̀ mú bàátì, pákó tí wọ́n fi ń lu bọ́ọ̀lù, dúró níwájú igi mẹ́ta tó ń ṣọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ alága. Ẹni tó bá ń ju bọ́ọ̀lù, bó bá ti ju iye tí wọ́n kọ fún ọjọ́ orí rẹ̀, yóò sinmi èjìká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń mú ẹgbẹ́ borí. Ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni yóò kọ́kọ́ gbá a ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí àwọn ògo wẹẹrẹ tí kò mọ̀ ọ́n gbá má baà di olùwòran lójoojúmọ́.

Òfin tó kẹ́yìn ni wọ́n fi yíǹkì pupa kọ. Àgbà kan kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan, ní yàrá tàbí nínú ọkọ̀. Àgbà méjì ni yóò dúró títí ọmọ tó kẹ́yìn yóò fi bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó bí i, ìgbà náà ni Bàbá Ìwé yóò sàmì sí orúkọ rẹ̀, tí yóò sì kọ aago sí i. Kì í ṣe pé wọ́n ń fura sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ wà láìléwu, kí àgbà náà sì ní ẹlẹ́rìí, nítorí láti ayébáyé ni a ti ń fi ẹnu ẹni méjì fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀.

Kóòṣì tí a ń sọ yìí, ọkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ni. Páìpù omi ló ń tún ṣe jẹun, ṣùgbọ́n pápá yẹn ló fi ń mí. Ohùn rẹ̀ máa ń dé òpin òpópónà, àwọn ọmọ a sì máa rọ́ tẹ̀ lé e. Bí ọmọ kan bá di ojú nígbà tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀, yóò ní, "Ṣé àdúrà lò ń gbà ni? Bàbá Ìwé ló ń gbàdúrà níbí. Ìwọ, lu bọ́ọ̀lù." Ọmọ náà yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì lu bọ́ọ̀lù.

Ní ọjọ́bọ̀ kan, òjò ṣú nígbà tí wọ́n ń parí ìdánrawò ìrọ̀lẹ́. Àwọn òbí sáré dé, wọ́n kó ọmọ wọn wéréwéré. Ó wá ku ọmọdébìnrin kan, ẹni ọdún mọ́kànlá, tí gbogbo ẹgbẹ́ ń pè ní Alósì nítorí ọwọ́ òsì tó fi ń ju bọ́ọ̀lù. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, kì í sì í tètè bọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá Ìwé ti lọ dígí mọ́kànlá lọ́jọ́ náà, orúnkún rẹ̀ sì ti wú. Ìyá ọmọ náà wá pè é lórí fóònù pé òun ti dé oríta, pé kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹ̀mí bàbá náà fẹ́ dúró, orúnkún ló kọ̀. Ó wo oríta, ó wo òjò, ó mú bírò, ó sì sàmì sí orúkọ ọmọ náà: aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyá rẹ̀ ti mú un lọ. Ó ti yàrá ìkẹ́rùsí, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò, ó kí Kóòṣì pé ó dàárọ̀, ó sì ń tiro lọ.

Kò mọ nǹkan kan títí di Sátidé. Ìyá Alósì ló wá bá a nídìí tábìlì, tẹ̀rín tẹ̀rín, pé kí ó bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Kóòṣì. Ó ní ọkọ̀ òun kú sí oríta níbi tí omi ti kún, òun kò lè lọ, òun kò lè bọ̀. Ó ní Kóòṣì dúró ti ọmọ náà fún ogún ìṣẹ́jú lábẹ́ àtíbàbà ẹnu ọ̀nà, nígbà tí mànàmáná sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ létí ibẹ̀, ó gbé e sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó wà á la omi kọjá, ó sì fi lé òun lọ́wọ́ ní gbígbẹ, omi kò kán sí i lára. Obìnrin náà dúpẹ́ dúpẹ́, ó sì lọ jókòó.

Bàbá Ìwé ṣí ìwé ìlọsílé. Àmì náà wà níbẹ̀, ó dúdú kedere, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ìwé náà sọ pé ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní àkókò tí ọmọ wà nínú òjò. Kò sí ẹni tí ń ka ìwé yẹn àfi òun. Ó wò ó títí, ó sì pa á dé.

Nígbà tí àwọn ọmọ lọ mu omi, ó pe Kóòṣì sí yàrá ìkẹ́rùsí, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ó sì bi í nípa ọjọ́bọ̀. Kóòṣì kò sẹ́. Ó ní òun tilẹ̀ ti gbàgbé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn àṣíborí sórí pákó, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni pé iṣẹ́ ló pe òun wá síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fa ìlà sí i, ẹ kọ aago tó tọ́, ó parí."

"Ta ni kí n kọ pé ó mú un lọ?"

Kóòṣì to àṣíborí méjì sí i kó tó fèsì. "Ẹ̀yin náà lẹ mú kọ́kọ́rọ́ lọ."

"Èmi ni."

"Ṣé kí n wá fi ọmọ ọlọ́mọ sábẹ́ mànàmáná?"

"Rárá o. Mo dúpẹ́ pé o gbé e. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó o pè mí, kó o sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà."

"Tí mo bá pè yín, ẹ ó padà wá pẹ̀lú orúnkún yẹn," ni Kóòṣì wí, kò sì wojú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Bàbá Ìwé lára ju ìbínú lọ. Síbẹ̀, ó sọ fún un pé òun yóò kọ̀wé sí ọ́fíìsì àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́, bí òfin ti wí. Kóòṣì rọra gbé àṣíborí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó béèrè bóyá Ẹ̀gbọ́n mọ ohun tí wọn yóò ṣe fún òun. Bàbá Ìwé mọ̀. Àwọn méjèèjì mọ̀, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ rí.

Ọdún méjì ṣáájú, ọkùnrin káfíńtà kan wà tó ń ran Kóòṣì lọ́wọ́, onínú tútù kan báyìí. Lọ́jọ́ kan, ó fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ gbé ọmọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ já lọ sílé, òun àti ọmọ náà nìkan. Nǹkan kan kò ṣe ọmọ. Bàbá Ìwé kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì ní kí Káfíńtà lọ jókòó sílé fún odidi sáà kan. Sáà náà parí, Káfíńtà kò padà wá. Ìyàwó rẹ̀ kì í kí Bàbá Ìwé lójú ọ̀nà mọ́. Òfin ni òfin, ni Bàbá Ìwé wí nígbà náà, ó sì sùn dáadáa lọ́jọ́ tó wí i.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, àbúrò rẹ̀ obìnrin gun àtẹ̀gùn àjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá bá a. Kò jókòó. Ó bi í bóyá òótọ́ ni ohun tí ọkọ òun sọ. Ó ní láti àná, ọkọ òun kò fi oúnjẹ kan ẹnu, pé ó kàn ń wo ara ògiri bí ẹni tí wọ́n kéde òkú fún. Ó ní ẹni tó bá gbọ́ pé wọ́n dá Kóòṣì dúró nítorí ọmọdébìnrin kan nínú ọkọ̀, kò ní dúró gbọ́ ti òjò. Ìyẹn jẹ́ òtítọ́, Bàbá Ìwé sì mọ̀ pé òtítọ́ ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni obìnrin náà wí, "nígbà tí bàbá wa ti kú, ẹ̀yin lẹ fà mí lọ́wọ́ dé iwájú pẹpẹ lé ọkùnrin yìí lọ́wọ́. Ọwọ́ yẹn náà lẹ fẹ́ fi kọ̀wé ẹ̀sùn rẹ̀?"

"Ọwọ́ yìí náà ló kọ ti Káfíńtà."

"Káfíńtà kì í ṣe ọkọ àbúrò yín."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn."

Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀, ó sì lọ. Bàbá Ìwé ń gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ko ko ko, títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Kò bú u. Ìbá sàn fún un ká ní ó bú u.

Ó jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná. Ó gbàdúrà, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ, nítorí ohun tó fẹ́ tọrọ ni pé kí Olúwa jẹ́ kí òun ní òṣùwọ̀n méjì nínú àpò kan, ọ̀kan fún ará ilé, ọ̀kan fún ará ìta, ó sì mọ̀ pé wọn kì í tọrọ irú rẹ̀. Ó mú bírò. Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, ó kọ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ ní ìlà kan, ó sì fi ojú ìwé kan gbáko kọ ti Kóòṣì. Ó kà á, ojú tì í, ó fà á ya. Nínú èkejì, ó di gbogbo ẹrù ru ara rẹ̀ débi pé kò tilẹ̀ hàn mọ́ pé ọkọ̀ kan wà níbẹ̀. Irọ́ ni ìyẹn náà, bó tilẹ̀ wọ aṣọ ìrẹ̀lẹ̀. Ó fà á ya. Ẹ̀kẹta ló kọ ní ṣókí. Òun ló kọ́kọ́ ṣẹ̀: òun sàmì kí ọmọ tó lọ, òun mú kọ́kọ́rọ́ lọ, òun sì fi àgbà kan sílẹ̀ lóun nìkan. Lẹ́yìn náà, Kóòṣì gbé ọmọ sínú ọkọ̀ láti yọ ọ́ nínú ewu, kò sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ti fẹ́ fọwọ́ sí i, ọwọ́ rẹ̀ wá dúró. Ṣé ọjọ́bọ̀ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́? Ó mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọdún mélòó kan, bí ara bá ti ń ro ó, tó bá sì ti rí ọkọ̀ òbí lókèèrè, ó máa ń sàmì sí orúkọ tó kù kó tó dìde. Ó ti ń fi ojú àánú wo ara rẹ̀. Ó gbé ìwé ọdún méjì sẹ́yìn wá, ó ṣí i sí ọjọ́ Káfíńtà. Àmì wà níwájú orúkọ ọmọkùnrin náà pẹ̀lú, aago wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ náà ni. Ó gbìyànjú láti rántí bóyá òun wà ní pápá nígbà tí ọmọ náà lọ. Kò rántí. Kò sì bi Káfíńtà rí, ta ló fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ó fi gbogbo èyí sínú lẹ́tà, ó fọwọ́ sí i, ó sì fi orí lé tábìlì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ó mú lẹ́tà náà lọ sí ọ́fíìsì. Awò ojú obìnrin tó ń bójú tó ọ̀ràn ààbò àwọn ọmọ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá Ìwé gbà á lójú rẹ̀, ó tẹ apá awò náà padà sípò, ó dá a padà fún un, ó sì wá fi lẹ́tà lé e lọ́wọ́ kó lè rí i kà dáadáa. Obìnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó sọ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ pé àwọn méjèèjì yóò kúrò ní pápá títí ìwádìí yóò fi parí, pé wọn kò gbọdọ̀ bá ọmọ kankan nínú ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, àti pé òun yóò tún ṣí fáìlì Káfíńtà. Àwọn ìyá méjì tí ọ́fíìsì ti yẹ̀ wò yóò di Sátidé mú. Bàbá Ìwé dúpẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń tọrọ ìsinmi. Èyí tí wọ́n fún un yìí wúwo ju iṣẹ́ lọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó jí ní àkókò tó máa ń jí, ó wọ bàtà, ó tún bọ́ ọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Kóòṣì ni. Kò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan. Ó kí i ní ẹnu lásán, ó wọlé, ó jókòó sórí àga ilé ìdáná, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ń kó ọwọ́ sí lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá Ìwé bu omi fún un. Kò mu ún.

Kóòṣì wá sọ ohun tó gbé e wá. Obìnrin ọ́fíìsì ti lọ sílé Alósì láti bi ọmọ náà ní ìbéèrè, tòun ti ẹlẹ́rìí, bó ti yẹ, ní ohùn jẹ́jẹ́. Ọmọ náà dáhùn gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ó kó bàátì rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn.

"Ìyá rẹ̀ ló pè mí láàárọ̀ yìí," ni Kóòṣì wí. "Ọmọ náà ń bi í pé kí lòun ṣe tí wọ́n fi lé Kóòṣì lọ. Ó ní ṣé torí òun wọ ọkọ̀ ni."

Nínú gbogbo ohun tí Bàbá Ìwé wọ̀n wò, àbúrò rẹ̀, àna rẹ̀, Káfíńtà, ọkàn ara rẹ̀, kò ro eléyìí.

"Mi ò lè bá ọmọ náà sọ̀rọ̀," ni Kóòṣì tún wí. "Wọ́n ní kí n má ṣe é. Ẹ̀yin náà ò lè ṣe é."

"A lè kọ ọ́ sílẹ̀, kí obìnrin ọ́fíìsì kà á, kí ó fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ kà á fún un."

Kóòṣì wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ ẹ bá dé ọ̀run, ẹ ó ní kí áńgẹ́lì méjì bá yín wọlé, kí ọ̀kan lè ṣe ẹlẹ́rìí."

Ó jọ ẹ̀rín, kì í ṣe ẹ̀rín tán. Bàbá Ìwé fa ìwé kan yọ. Ó kọ orúkọ ọmọ náà sókè, orúkọ àbísọ rẹ̀. Ó kọ pé ọmọ náà kò ṣẹ̀ rárá. Ó kọ pé nígbà tí Kóòṣì ní kó wọ ọkọ̀, tó wọ̀ ọ́, ohun tó yẹ kí ọmọ rere ṣe ló ṣe, pé àwọn àgbà ló yẹ kó ṣètò tó dára ju ìyẹn lọ. Ó kọ pé kó yọ bàátì rẹ̀ kúrò lábẹ́ ibùsùn, torí ó ti kàn án láti gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ló kà á sókè bó ti ń kọ ọ́: "Èmi, Bàbá Ìwé, ni mo ṣẹ̀."

"Ẹ fi èmi náà sí i," ni Kóòṣì wí.

Bàbá Ìwé gbé ojú sókè.

"Ẹ fi í síbẹ̀. Ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kí ẹ má rò pé inú mi ti yọ́ sí yín o. Kò tíì yọ́."

"Mo mọ̀," ni Bàbá Ìwé wí, ó sì fi í síbẹ̀.

Àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Wọ́n wá rántí pé Sátidé ni, pé ọ́fíìsì kò ní ṣí títí di ọjọ́ Ajé. Ọmọ náà yóò fi ọjọ́ méjì sí i rò pé òun lòun ṣẹ̀, kò sì sí ohun tí àgbà méjì tó rẹ̀ lè ṣe sí i lórí àga ilé ìdáná. Kóòṣì mu omi tí wọ́n bù fún un. Nígbà tó mu ún tán, ó gbé ife náà kalẹ̀, ó sì ní kí Ẹ̀gbọ́n gbàdúrà fún ọmọ náà, kí ó má ṣe gùn jù. Bàbá Ìwé gbà á, kò sì gùn.